Ajá Gbọ́ràn: Ẹni tí ó Ni Ajá Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí lè pa ẹlòmíràn nínú yín lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ajá ni, kì í sì í ṣe ti ajá ńlá tí ń ṣọ́ ilé àwọn olówó, bí kò ṣe ti ajá kékeré kan tí gíga rẹ̀ kò dé orúnkún mi. Ṣùgbọ́n ajá kékeré yìí ni ó mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí bi ara mi ní ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di ìsinsìnyí. Ìbéèrè náà ni pé: bí ẹnì kan bá kọ́ ẹ̀dá mìíràn títí tí ẹ̀dá náà fi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu láìjanpata, gbèsè kí ni ẹni tí ń pàṣẹ jẹ ẹni tí ń gbọ́ràn?

Láti kékeré ni a ti ń yin ọmọ tí ó gbọ́ràn, láti kékeré náà sì ni a ti ń bú aláìgbọ́ràn. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú gbogbo ìyìn àti èébú wọ̀nyí, ẹni tí a fún ní àṣẹ nìkan ni a ń wò. A kì í sábà yíjú wo ẹni tí ń pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í béèrè bí ọdẹ náà ṣe ń fọn fèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a yíjú wò ó lónìí.

Nítorí pé èdè ni mo ń kọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Bí mo bá ní mo gbọ́ ariwo, etí ni mo fi gbọ́ ọ. Bí mo bá ní mo gbọ́ Hausa, òye èdè náà ni mo ń wí. Bí mo bá sì ní ọmọ yìí gbọ́ràn, ohun tí mo ń sọ ni pé ó ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Etí, òye àti ìṣe: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni a rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, obey, wá láti inú oboedire ti èdè Látìn, audire tí í ṣe gbígbọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ń sọ pé gehorchen, láti ara horchen, tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn dẹ etí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé etí ni gbòǹgbò ìgbọ́ràn ní èdè tí ó jìnnà sí ara wọn tó báyìí, ó yẹ kí a béèrè bóyá etí ẹnì kan ṣoṣo ni ó tó fún un.

Àwọn baba wa mọ ajá ọdẹ, wọ́n mọ ajá tí ń ṣọ́lé, wọ́n sì mọ ajá tí a fi ń bọ Ògún. Èyí tí wọn kò mọ̀ ni kí a kó ajá jọ sí pápá, kí a sì máa díje pé ti ta ni ó gbọ́ràn jù. Ní 1933 ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Helene Whitehouse Walker ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní Mount Kisco, ní ìpínlẹ̀ New York. Ajá onírun wíwé tí wọ́n ń pè ní poodle ni ó ń sìn. Àwọn ènìyàn ní ẹwà lásán ni irú ajá bẹ́ẹ̀ wà fún, ó sì fẹ́ fi hàn wọ́n pé orí ajá òun pé. Ní 1936 ẹgbẹ́ American Kennel Club fi ọwọ́ sí ìdíje náà, ó sì fi òfin dè é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1955 ni ìdíje àṣekágbá ìgbọ́ràn ti wà nínú àfihàn ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Crufts.

Ohun tí ajá ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Yóò máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ òsì ẹni tí ó ni ín, pẹ̀lú okùn lọ́rùn àti láìsí okùn. Yóò jókòó, yóò dùbúlẹ̀, yóò dìde, bí a bá ti wí. Bí a bá pè é láti òkèèrè, yóò sáré wá tààrà láìyà sí ọ̀nà. Yóò lọ gbé igi tí a jù sọnù, yóò sì gbé e padà fún olówó rẹ̀. Èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí a ní kí ó dúró sí ojú kan, kí a sì kẹ̀yìn sí i, kí a lọ. Bí ó bá dìde, máàkì ti lọ nìyẹn.

Ní Surulere, Yaba àti Mushin lónìí, ẹni tí ojú rẹ̀ bá là yóò rí i pé ajá òyìnbó ti pọ̀ láàrin wa. Àwọn tí ń tà á ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́bàá títì, pàápàá Lhasa onírun gígùn, bí ẹni ń ta adìyẹ. Àwọn kan nínú àwọn tí ń sìn wọ́n a máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé láti fi ajá wọn díje. Àbúrò bàbá mi, tí mo ń gbé nílé rẹ̀ ní Surulere, wà lára wọn. Ó ra tẹ́ríà kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Jack Russell, ìyàwó rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í fi orúkọ ajá ṣòfò. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ sí aládùúgbò lójú ni a fi ń pe ajá lójú rẹ̀. N kò mọ aládùúgbò tí wọ́n ń fi ti èyí bá wí. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ, nítorí pé èmi ni mo ní àyè.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ajá ní ìgbọ́ràn kò gbọdọ̀ fi tẹ́ríà bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an wá láti inú terra, ilẹ̀ ní èdè Látìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sìn ín kí ó lè máa wọ inú ihò tọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ, kí ó sì máa pa eku. Orúkọ àlùfáà kan ní Devon, John Russell, tí ó fẹ́ràn irú ọdẹ yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni wọ́n fi ń pe irú ti Tanímọ̀la. Ẹ rò ó wò: nínú ihò, ohùn ọdẹ kò dé ibẹ̀. Ajá nìkan ni yóò dá pinnu bóyá kí òun síwájú tàbí kí òun padà. Èyí tí ó bá ń dúró de àṣẹ, ẹranko yóò bù ú jẹ. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní orí kunkun lára tẹ́ríà, iṣẹ́ tí a rán an ni.

Ní 1994, Stanley Coren ní Kánádà fi èrò àwọn adájọ́ ìdíje ìgbọ́ràn to irú ajá oríṣiríṣi tẹ̀ léra. Basenji, ajá ọdẹ àwọn ará Kóńgò, wà ní ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ajá tí ó ti ń lé ẹran nínú igbó ńlá láti ayébáyé wá di òpè nítorí pé kò tètè jókòó! Ẹni tí ó bá ni òṣùwọ̀n ni ó ń sọ ẹni tí ó kúrú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Pàṣán ni mo mú. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, n kò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Mo ń wí pé "Jókòó!", mo ń nà án ní ìdí. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí Tanímọ̀la bá ti rí mi, yóò dojú ikùn sókè, yóò sì tọ̀ sílẹ̀. Ó ń jókòó lóòótọ́ bí pàṣán bá wà lọ́wọ́ mi. Bí pàṣán kò bá sí, alángbá ni yóò máa lé kiri àgbàlá, bí ẹni pé n kò sọ̀rọ̀. Mo wá rí i pé pàṣán ni ó ń gbọ́ràn sí, kì í ṣe èmi. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì na ọmọ.

Mo yí ọwọ́ padà. Mo ń se ẹ̀dọ̀ màlúù, mo ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Bí ìdí ajá bá ti kan ilẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni mo ń wí pé "Ó ṣeun", tí mo sì ń fún un ní ẹyọ kan. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tèmi. B. F. Skinner ará Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1951 pé kí olùkọ́ ní ohùn kékeré kan tí yóò fi sàmì sí ìṣẹ́jú àáyá tí ẹranko ṣe ohun tí ó tọ́, kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá pẹ́, ohun mìíràn ni ó ń sanwó fún. Èyí sì kọ́ mi ní ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀: kí n tó lè kọ́ ajá láti gbọ́ tèmi, ó di dandan kí èmi náà kọ́ láti máa wo etí rẹ̀, ìrù rẹ̀ àti ojú rẹ̀. Fún "Dúró", mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí mo bá wọ inú ilé lọ.

Inú mi dùn, ìgbéraga sì wọ̀ mí lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo mú un jáde sí ọ̀nà Òjúẹlẹ́gbà. Mo fẹ́ ra bọ̀ọ̀lì ní ìsọdá títì. Mo ní kí Tanímọ̀la jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo wí pé "Dúró", mo sì kọjá lọ láìmú okùn rẹ̀ lọ́wọ́. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan pàdé níbẹ̀. Mo kẹ̀yìn sí ajá, mo ń nà án sí ọ̀rẹ́ mi pé, "Wò ó, kò ní kúrò níbẹ̀ títí n ó fi padà." Kò sì kúrò lóòótọ́. Dánfó kan bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sí ibi tí ó jókòó sí. Nígbà tí mo gbọ́ igbe tí mo yíjú, mo rí i pé gbogbo ara ajá náà ń gbọ̀n. Kò wo mọ́tò. Èmi ni ó ń wò. Ìyá kan tí ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó nawọ́ gán an ní ọrùn, tí ó sì fà á kúrò lẹ́nu táyà.

Mo sáré padà dé ibẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń dúpẹ́. Ìyá náà kò dáhùn ọpẹ́ mi. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ ni o ní kí ó dúró?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "O ní kí ó dúró, o kò sì dúró tì í." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì padà sídìí ọsàn rẹ̀.

Òwe kan wà tí gbogbo yín mọ̀: ajá tí ó rí mọ́tò tí ó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti ìgbà èwe mi, ajá nìkan ni mo sì máa ń dá lẹ́bi nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó béèrè pé: bí ẹnì kan bá ní kí ajá dúró ńkọ́? Ta ni ó fi í bọ Ògún? Dájúdájú, kì í ṣe ajá. Mo ti gba agbára sísá lọ́wọ́ Tanímọ̀la fún oṣù mẹ́ta, ẹyọ ẹ̀dọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ibi tí mo ti gbà á, ó yẹ kí n fi ojú mi dípò rẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ìgbọ́ràn kan náà ni ó ń gba ajá lọ́wọ́ mọ́tò. Òótọ́ ni, n kò sì jà sí i. Ajá tí kò bá dáhùn sí "Wá" kò lè pẹ́ láyé ní Èkó. Ẹlòmíràn lè ní ajá kì í ṣe ènìyàn, kò ní òye tí yóò fi mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ àṣẹ. Fún ìyẹn náà èsì wà. Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Oldenburg ní Jámánì láti kọ́ ajá tí yóò máa fọ̀nà han àwọn ọmọ-ogun tí ojú wọn fọ́. Títí di òní, bí a ti ń kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ láti gbọ́ràn ni a ń kọ́ ọ láti kọ̀. Bí afọ́jú bá ní kí ó síwájú, tí mọ́tò sì ń bọ̀, iṣẹ́ ajá ni kí ó dúró gbọin-gbọin. Nínú ìdíje tiwa, kò sí máàkì fún kíkọ̀. Ajá tí ó kọ̀ nítorí ọgbọ́n àti ajá tí ó kọ̀ nítorí alángbá, òdo kan náà ni wọn yóò gbà.

Kí a má sì rò pé ẹ̀dá ènìyàn mọ̀ ọ́n kọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Yunifásítì Yale ní 1961, Stanley Milgram bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí ó gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1963. Ó ní kí àwọn ọkùnrin máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n gbà pé ó ń fi iná mànàmáná dá ẹlòmíràn lóró. Iná gidi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Nínú 40 ọkùnrin, 26 tẹ̀ ẹ́ dé òpin, nítorí pé ẹni tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ajá tí ń gbọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà Òjúẹlẹ́gbà ni mo rántí. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ní ẹ̀bi tiwọn, nítorí wọ́n lè dìde kí wọ́n lọ. Ajá tèmi kò ní ẹ̀bi kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wá mú mi dé ni pé, bí agbára láti kọ̀ bá ṣe ń dín kù lọ́wọ́ ẹni tí ń gbọ́ràn, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ń pọ̀ sí i lọ́rùn ẹni tí ń pàṣẹ. Ajá, ọmọ ọwọ́, ọmọọṣẹ́ tí kò ní ibòmíràn tí yóò sùn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lábẹ́ kálàmù olùkọ́: wọn kò lè kọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n èyí tí kò lè kọ̀ rárá ni ó yẹ kí a ṣọ́ jùlọ. Gbèsè náà kò sì ṣòro láti mọ̀. Èkíní, kí àṣẹ jẹ́ nítorí ohun tí ó ní láárí, kì í ṣe nítorí kí ọ̀rẹ́ mi lè yìn mí. Èkejì, kí ojú mi má kúrò lára ẹni tí mo ní kí ó dúró. Ẹ̀kẹta, kí n rántí padà wá tú u sílẹ̀.

Àwọn ọdẹ wa ti mọ èyí kí a tó bí wa. Ọdẹ ń fọn fèrè, ajá ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ajá bá wọ igbó tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbó, ọdẹ ni ó ń dákẹ́, tí ó ń dẹ etí, tí ó sì ń tẹ̀ lé ohùn ajá lọ. Ọdẹ tí kò bá gbọ́ ti ajá rẹ̀, ọwọ́ òfo ni yóò gbé padà wálé. "Gbọ́" náà ní ọ̀nà méjì.

Ó ku bí ìdíje náà ṣe rí. A lọ sí pápá kan ní Yaba ní ọjọ́ Sátidé kan. Tanímọ̀la rìn dáradára, ó jókòó, ó wá nígbà tí mo pè é. Yorùbá ni mo fi pàṣẹ fún un, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àwọn yòókù ń sọ sí ajá. Ó ku ìdúró. Wọ́n to ajá mẹ́fà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwa sì jìnnà sí wọn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ajá ńlá tí ó wà ní ọ̀tún rẹ̀ gbé orí sókè, tí ó kọjú sí i, tí ó sì ń kùn. Tanímọ̀la kò mira. Ó yí ojú sí mi, mo sì mọ ojú náà. Mo rìn lọ bá a kí adájọ́ tó sọ pé ó tó, mo wí pé "Ó ṣeun", mo sì gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n fún wa ní òdo.

Àbúrò bàbá mi bínú. Ó ní mo ti ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́, pé ajá ńlá náà kò ní ṣe é ní ohunkóhun. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà pé ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà náà, ní 2018, ti yọ ìdánwò tí a fi ń to ajá púpọ̀ kalẹ̀ tí a sì ń lọ sí ibi tí wọn kò ti rí wa kúrò nínú ìpele kejì ìdíje wọn. N kò fi èyí da àbúrò bàbá mi lẹ́jọ́, nítorí àgbà ni. Mo kàn bẹ ẹ̀yin tí ẹ óò di olùkọ́, òbí, ọ̀gá àti aláṣẹ lọ́la pé, nígbà tí ẹ bá ní kí ẹnì kan dúró, kí ẹ má kẹ̀yìn sí i.